K inú "knead" kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì tàbí chin-chin lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "knead" (kí a fi ọwọ́ tẹ ìyẹ̀fun tí a ti pò) pàdé dandan. Bíi "need" la ṣe ń pè é, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òyìnbó kàn fi k síwájú rẹ̀ kó lè máa da ọmọ iléèwé láàmú ni. Àwọn mìíràn ní inú "need" gan-an ló ti wá, torí pé kòṣeémáàní ni oúnjẹ. Àlàyé yẹn dùn létí, àmọ́ irọ́ ni.

Kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, "cnedan" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, c iwájú rẹ̀ a sì máa dún bíi k ketekete. "Need" ní gbòǹgbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, k kankan ò sí níbẹ̀ rí. Títí dòní, ará Jámánì ṣì ń sọ "kneten", tòun ti k rẹ̀. Láàárín ọdún 1600 sí 1700 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù ú nù lẹ́nu, wọ́n sì ṣe "knife" àti "knee" náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ William Caxton, òǹtẹ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ Westminster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1476, ìwé sì ti mọ́ ojú lára pẹ̀lú k nínú. Ẹnu yí padà, ìwé ò yí.

(Kí a má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ pe "pò" kí ẹ fetí sí i: k àti p ló ń jáde pọ̀, p nìkan la sì ń kọ.)

Ti ìtumọ̀ náà wà níbẹ̀. "Pò" la máa ń fi túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ń po ìyẹ̀fun puff-puff tó ń ṣàn, kò sì sẹ́ni tó lè "knead" ìyẹn. Títẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: kí a fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, kí a ká a, kí a yí i, kí a tún tì í, títí yóò fi máa fà láìjá. Àwa tí a kì í pe iyán gígún ní ọkà rírò, ó yẹ kí ìyẹn tètè yé wa. Lójú tèmi, "tẹ̀", èyí tí a ń lò fún ẹ̀bà, ló sún mọ́ ọn jù.

"Lady" ló wá dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé obìnrin tí kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Hlæfdige" ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. "Hlaf" ni búrẹ́dì. Ìdajì kejì sì bá "dough" (ìyẹ̀fun tí a ti pò) tan. Ìyá tó ń tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì fún agbo ilé ni. "Lord" náà wá láti "hlafweard", ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì.