Ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́

Ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ìrora tó ń mú ènìyàn láàárín ìsàlẹ̀ egungun ìhà àti ìdí, tí kò sì lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 619 mílíọ̀nù ènìyàn ni ẹ̀yìn ń ro lọ́dún 2020, yálà ó ti pẹ́ lára wọn tàbí kò tíì pẹ́, iye náà sì lè di 843 mílíọ̀nù tó bá fi máa di ọdún 2050. Kò sí àìlera mìíràn tó ń dí iṣẹ́ òòjọ́ ọmọ aráyé lọ́wọ́ tó o.

Ohun tó ń fà á

Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ń ro, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni a kì í rí ohun kan pàtó tọ́ka sí pé òun ló fà á. Nínú àwọn yòókù, dísìkì, ìyẹn ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, lè yọ kó sì máa tẹ iṣan ìmọ̀lára, kí ìrora sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Eegun tó sán, kòkòrò àrùn àti jẹjẹrẹ kò wọ́pọ̀.

Àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àtúpalẹ̀ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 wo àwọn tí ẹ̀yìn kò ro rárá: a rí dísìkì tó ti ń gbó lára ìpín 37 nínú 100 àwọn ẹni ogún ọdún, àti lára ìpín 96 àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. Nítorí náà, ohun tí àwòrán fi hàn lè máà ní í ṣe pẹ̀lú ìrora tó gbé aláìsàn wá.

Lára ẹni tí ìrora ti pẹ́, ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn lè máa ké gbàjarè nígbà tí ibi tó farapa ti jinná. Àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìbẹ̀rù pé bíbẹ̀rẹ̀ yóò ba ẹ̀yìn jẹ́ a máa dá kún un. Gordon Waddell, oníṣẹ́ abẹ eegun ará Scotland, wà lára àwọn tó mú kí èrò yìí gbilẹ̀ láti ọdún 1987.

Ìtọ́jú

Ìgbà kan wà tí dókítà máa ń ní kí aláìsàn sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí iṣan tí a kò lò a máa dẹ̀. Eré ìdárayá ló wà níwájú báyìí. Kò sí irú rẹ̀ kan tí a lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó borí àwọn yòókù. Èyí tí aláìsàn lè máa ṣe láìdáwọ́dúró ló dára jù fún un. Ẹ̀yìn sábà máa ń ro díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn ń bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fi kún un, kó má ṣe dúró de ọjọ́ tí kò ní sí ìrora.

Ìwádìí kan ní Australia, tó jáde lọ́dún 2024, tẹ̀ lé àgbàlagbà 701 tí ẹ̀yìn ríro wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Láàárín àwọn tí a kọ́ ní ètò ìrìn, ọjọ́ 208 ló kọjá kí ẹ̀yìn ríro tó padà dí ìdajì wọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ 112 ni fún àwọn tí a kò kọ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ni tiwọn jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn kò náni ní nǹkan púpọ̀.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní December 2023 fara mọ́ eré ìdárayá, ẹ̀kọ́ nípa ìrora, ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti yí ìrònú rẹ̀ nípa ìrora padà, àti ìfọwọ́ra. Kò fara mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀yìn, tàbí oògùn ìrora tó bá mọ́fíìnì tan. Ibuprofen àti irú rẹ̀ lè ran àwọn kan lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá egbò sí ikùn tàbí pa kíndìnrín lára. Ìwọ̀nba ènìyàn ni iṣẹ́ abẹ wà fún, pàápàá àwọn tí iṣan ìmọ̀lára wọn há.

Àmì ewu

Ẹni tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè mú ìgbẹ́ dúró, tí ìdí àti abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rọ, gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà, tàbí kí ènìyàn máa rù láìmọ ìdí, náà tó ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.