Wọ́n Fòfin De Asbestos, Síbẹ̀ Wọ́n Gbà Kí A Bò Ó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, EPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, fòfin de chrysotile, ẹ̀yà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń kó wọ orílẹ̀-èdè náà lára asbestos, òkúta olókùn tín-ín-rín tí wọ́n máa ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páálí ilé. Síbẹ̀, àwọn onílé lọ́hùn-ún ṣì ń kan ìbora tuntun lé ògiri tí a fi asbestos bò láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ní Òṣogbo.

Ṣé òfin náà ní kí wọ́n tú èyí tó ti wà lára ilé ni?

Rárá.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbà kí a bò ó?

Eruku asbestos ló ń pa èèyàn. Bí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi pò ó bá ṣì le koko, okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ kì í ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ ọ tàbí tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, àwọn okùn tí ojú kò lè rí á fò sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo ẹ̀yà asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó 20 sí 40 ọdún kí àìsàn náà tó fara hàn. Nítorí náà, títú ògiri tí kò tíì bàjẹ́ lè da eruku sílẹ̀ ju fífi í sílẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ fóòmù lé e, wọ́n á wá kan ìbora tuntun mọ́ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, láìfi ohunkóhun ha ògiri àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n bíbò kì í ṣe mímú kúrò: onílé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníṣẹ́ tó bá fẹ́ dá ihò sí ògiri náà lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé tiwa ní Òṣogbo ńkọ́?

Sílìn ni tiwa, kì í ṣe ògiri. Onílé tó bá fẹ́ sílìn oníke, ìyẹn PVC, máa ń pe káfíńtà, káfíńtà á sì gbé òòlù ti sílìn àtijọ́ láàárín pálọ̀, lórí àga àti lójú ọmọ. Bí sílìn náà kò bá tíì sán, tí òjò kò sì rọ̀ sí i, ó sàn kí ó kan igi tuntun sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì so PVC mọ́ ọn. Èyí tó ti wú tàbí tó ti ń já kò ṣeé bò. Títú ló kù, kí wọ́n fi omi rin ín dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí gbogbo ará ilé sì jáde. Káfíńtà tó bá wá gbọn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ti pín eruku kárí ilé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé gbogbo sílìn tí à ń pè ní asbestos ló ní asbestos nínú?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ilé àyẹ̀wò ló lè sọ. Èyí tó bá ti pẹ́, ẹ ṣe é bí ẹni pé ó ní in.

Ṣé ìbòmú ìgbà Kòrónà tó?

Kò tó.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Bí sílìn náà kò bá bàjẹ́, ewu rẹ̀ kéré. Káfíńtà tó ń fọ́ ọ lójoojúmọ́ ló yẹ kó bẹ̀rù, pàápàá tó bá tún ń mu sìgá, nítorí pé eruku asbestos àti sìgá pa pọ̀ máa ń mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọ́pọ̀ sí i gidigidi.

Kí ni kí n ṣe sí àfọ́kù tó wà lẹ́yìnkùlé?

Ẹ fi omi rin ín, ẹ dì í sínú ọ̀rá nípọn onílọ̀ọ́po méjì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ibi tí ẹ lè dà á sí. Ẹ má fi ọwọ̀ gbígbẹ gbá a, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ má sun ún, nítorí pé kì í jó, ńṣe ni páálí rẹ̀ máa ń bẹ́ nínú iná. Ẹ má sì fi dí kòtò inú àgbàlá, níbi tí ẹsẹ̀ àti táyà á ti máa lọ̀ ọ́ kúnná.