Àbùlẹ̀ oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn ojú

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ yọ ike kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Àwòrán kárọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ojú kan tó ń dán. "Oògùn ojú" lẹni tó tà á fún un pè é. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó, ó sì ti ń jẹ hóró kan láràárọ̀ láti oṣù 4. Mo ní ṣé wọ́n ti yẹ ojú ọmọ náà wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn ló kúkú ń lò yìí. Ẹ jẹ́ kó lò ó tán ná."

Inú bí mi, kì í ṣe sí ìyá náà o. Orúkọ tí wọ́n sọ nǹkan ọ̀hún ló ṣì í lọ́nà. Bí ẹ bá ti lè pe nǹkan ní oògùn fún ìyá ọmọ, ìwòsàn ni yóò máa retí. Supplement, ìyẹn hóró tí wọ́n ṣe láti fi dí ohun tó kù nínú oúnjẹ ẹni, ló wà nínú ike yẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn lórí bó ṣe yẹ ká pè é ní Yorùbá.

Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pè é ní "oúnjẹ aṣaralóore". Rárá o. Ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni oúnjẹ aṣaralóore; ta ló gbé hóró inú ike kaná rí? Àwọn mìíràn ní "fítámì" ti tó. Fítámì ni orúkọ ohun tó wà nínú hóró náà, kò sọ iṣẹ́ tó wá ṣe.

"Àfikún" ló le jù láti bá jà, torí àwọn olùkọ́ èdè tí mo bọ̀wọ̀ fún ló dúró tì í. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni pé létí Yorùbá, ohun tí a fi kún nǹkan dà bí èènì. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo, kí ẹ wo ojú ẹni tí ẹlẹ́ja ju ẹja kan kún tirẹ̀. Ta ló ń kọ èènì? Fítámì A, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ya kárọ́ọ̀tì sára ike, kò sì gba èènì. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá pọ̀ jù, orí á máa fọ́ ọmọ, á máa bì, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "àbùlẹ̀ oúnjẹ". A kì í bu aṣọ tuntun lẹ̀. Ibi tó ya la kọ́kọ́ ń wá, ká tó gé àbùlẹ̀ tó bá a mu. Kò sì sẹ́ni tó ń wọ àbùlẹ̀ nìkan jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti sọ gbogbo èyí kí dókítà tó la ẹnu.

Ẹni tó bá ti rí apẹja létí ọ̀sà wa níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Yóò tẹ́ àwọ̀n sórí itan, yóò máa fi ìka wá a lójú kọ̀ọ̀kan. Ojú tó bá já nìkan ló ń ki òwú bọ̀, tó ń ta kókó sí. Tó bá lọ ń ta òwú sí ojú tó dá ṣáṣá, àwọ̀n náà kò ní pa ẹja ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ á dí, á sì wúwo lọ́wọ́. Bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ nìyẹn.

Fítámì A ni ẹ̀yìn ojú fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀. Bó bá ń tán lára ọmọ, ìrọ̀lẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ fura: ọmọ tó ń sáré kiri lọ́sàn-án á máa fọwọ́ tá ràrà wá abọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lẹ́yìn náà ni funfun ojú á gbẹ, nǹkan bí ìfófó ọṣẹ á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú ojú. Ojú lè fọ́ níbẹ̀. Hóró elépo tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gé lórí, tí wọ́n ń fún sí ọmọ lẹ́nu, òun ni àbùlẹ̀ gidi: yúnìtì 100,000 fún ọmọ oṣù 6 sí 11, 200,000 fún èyí tó ti pé ọdún 1 títí yóò fi pé ọdún 5, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 6. Epo pupa inú ilé yín náà ń ṣe é, àfi tí ẹ bá dáná sí i títí pupa rẹ̀ fi lọ. Inú àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni ara ti ń rí fítámì náà yọ.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ ojú ọmọ ìyá yẹn wò, kò sí ohun tó já níbẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ ló gùn jù, ohun tó jìnnà kì í hàn sí i dáadáa. Ìgò ojú ló ń tún ìyẹn ṣe. Kò sí hóró tó lè sọ ẹyin ojú di kúkúrú. Wíwà níta gbangba lọ́sàn-án ló lè dín iye ọmọ tí yóò ní in kù. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ń lò níta lọ́jọ́ ilé ìwé. Lẹ́yìn ọdún 3, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ní ìṣòro yìí. Láàárín àwọn tí wọn kò fi kún tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Níbẹ̀ gan-an ni "àfikún" ti bá a mu: ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kún un. Tìróò ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí: ẹ má lé e sójú ọmọ mọ́, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Ẹnìkan sọ fún mi pé àbùlẹ̀ ń rán èèyàn létí ìṣẹ́, pé kò síyàá tó fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń jẹ àbùlẹ̀. Mo gbà pé yóò ta á létí. Bó bá ta á létí ni yóò béèrè pé, "Ibo ló ya lára ọmọ mi?" Ìbéèrè yẹn ni ìyá àdúgbò wa kò bi ẹnikẹ́ni fún oṣù 4.