Ọ́tà Òkun, Ológbò Ilé àti Omi Tó Ń Ṣàn Láti Ìgèdè

Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ajá, ewúrẹ́ àti adìyẹ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá pè mí láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìdáàbòbò ẹranko, ẹranko kan tí kò sí ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní sea otter, ẹran onírun kan tó ń gbé inú òkun. Ọ́tà òkun ni n ó máa pè é níhìn-ín. Olùkọ́ àgbà kan bi mí nígbà kan pé, "Dókítà, ẹ má bínú o, kí ló kan àwa ará Èkìtì, tí a kò ní òkun tí a kò sì ní ọ̀sà, nínú ọ̀rọ̀ ẹran tó ń gbé ní Alaska?" Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì gùn ju àyè tí mo ní lọ́jọ́ náà lọ.

Apá àríwá Òkun Pàsífíìkì ni ọ́tà òkun ń gbé, láti Japan àti Rọ́ṣíà títí dé Kánádà, àti Alaska òun California ní Amẹ́ríkà. Akọ rẹ̀ lè wúwo tó kílò 45. Ẹ̀yìn ló fi máa ń sùn lé omi, tí yóò gbé òkúta lé àyà, tí yóò sì máa gbá ìkarahun mọ́ ọn títí yóò fi fọ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ẹran òkun mìíràn, bí àbùùbùtán, ní ọ̀rá tó nípọn lábẹ́ awọ tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù. Ọ́tà òkun kò ní irú rẹ̀, irun nìkan ló gbójú lé. Níbi tí irun náà ti nípọn jù, ibi tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ lè ní tó 1,000,000 irun, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 100,000 péré ló wà ní gbogbo orí ènìyàn kan. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun yìí ni kì í jẹ́ kí omi kan awọ rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, kí ara rẹ̀ tó lè móoru, ó ní láti jẹ oúnjẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Irun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Ní ọdún 1741, ọkọ̀ ojú omi tí Vitus Bering ń darí fún ìjọba Rọ́ṣíà fọ́ sí erékùṣù kan. Nígbà tí àwọn tó yè nínú rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú awọ ọ́tà, àwọn oníṣòwò rí iye owó tó wà lórí awọ náà, ọdẹ sì ya wọ inú òkun. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n ọ́tà òkun sí 150,000 sí 300,000. Nígbà tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japan àti Britain fi máa fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1911 pé kí pípa wọn dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ó má ṣẹ́ ku ju 2,000 lọ. Ní California, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé wọ́n ti tán pátápátá, àfi ìgbà tí wọ́n rí nǹkan bí 50 lágbègbè Big Sur ní ọdún 1938. Lónìí, nǹkan bí 3,000 ló wà níbẹ̀.

Bí mo bá dé ibi tí ó kàn yìí, mo máa ń rọra sọ̀rọ̀, nítorí òun ni ó yẹ kí ọmọ gbé relé. Ẹran kan wà nísàlẹ̀ òkun, tí Òyìnbó ń pè ní sea urchin, tó rí roboto, tí kò tóbi ju ọsàn lọ, tó sì ní ẹ̀gún yí ara ká bíi ti òòrẹ̀. Ewéko òkun ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn ewéko gíga tó ń ti ìsàlẹ̀ dàgbà dé ojú omi bí igbó, tí ẹja ń sá pamọ́ sí, tí ó sì ń sẹ́ agbára ìgbì kí ó tó dé èbúté. Ọ́tà òkun a máa jẹ ẹran ẹlẹ́gùn-ún yìí púpọ̀. Níbi tí ọ́tà ti tán, ẹlẹ́gùn-ún a di púpọ̀, wọn a gé ewéko náà láti ìdí, igbó inú omi a sì di òkúta lásán. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, James Estes àti John Palmisano, ló fi èyí hàn ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n fi àwọn erékùṣù Alaska tí ọ́tà wà wé àwọn tí kò sí. Àgbẹ̀ kan tó ti rí i bí eku ṣe ń jẹ oko run níbi tí wọ́n ti pa gbogbo ejò kì í bèèrè àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Kò yẹ kí a fi apá kejì ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Alaska, níbi tí wọ́n ti kó ọ́tà padà sínú omi láàárín 1965 sí 1969, àwọn tó ń pa akàn àti ìkarahun tà ń ráhùn pé ẹran yìí ń jẹ ọjà wọn, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Ìpolongo tó bá ń sọ fún apẹja pé òfò tó fojú ara rẹ̀ rí kò ṣẹlẹ̀, ọ̀tá ni yóò sọ ọ́ dà.

Epo rọ̀bì kò ní gbà wá pẹ́, nítorí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ìtàn rẹ̀. Ní March 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sínú òkun Alaska, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ́tà sì kú. Epo náà lẹ irun wọn pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, òtútù sì wọlé. Èyí tó bá sì ń lá ara rẹ̀ kí ó lè mọ́, májèlé ló ń lá.

Ológbò ló mú ọ̀rọ̀ yìí dé Èkìtì. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí a ń pè ní Toxoplasma gondii. Inú ìfun ológbò àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ti ń yé ẹyin, ẹyin náà a bá ìgbẹ́ jáde, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní California, òjò ń gbá a lọ sínú odò, odò ń gbé e dé òkun, ìkarahun ń gbé e mì, ọ́tà ń jẹ ìkarahun, ó sì ń pa wọ́n. Ẹni tó ni ológbò náà lè máa gbé níbi tó jìnnà sí òkun, kí ó má sì tíì rí ọ́tà rí láyé rẹ̀. Ẹ wá wo odò Ọ̀ṣun, tí orísun rẹ̀ wà ní Ìgèdè-Èkìtì níbí, tó ń ṣàn gba Òṣogbo kọjá títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Ohun tí a bá dà sí gọ́tà nígbà òjò kò dúró sọ́dọ̀ wa. Ìdáhùn mi sí olùkọ́ àgbà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nílé, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ tó bo ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má gbá a sí gọ́tà. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kó o rárá, nítorí kòkòrò kan náà lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá. Ẹlòmíràn nínú ilé ni kí ó bá a ṣe é. Kí a sì máa fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí a tó sè é.

Lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa ọ́tà òkun. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ àwòrán ọ́tà tó di ọwọ́ ara wọn mú lójú oorun kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú ẹran yìí dára jù, ẹwà rẹ̀ sì lè pa á. Ní Éṣíà, fídíò irú ọ́tà mìíràn, àwọn kékeré tí kì í ṣe ti òkun, tí wọ́n ń sìn nínú ilé gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí wọn yóò rà, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ láti inú igbó wá sọ́jà. Ó di ọdún 2019 kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó) tó fòfin de òwò àárín orílẹ̀-èdè lórí méjì nínú irú àwọn ọ́tà bẹ́ẹ̀. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Ọ́tà wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, inú odò ni tiwa ń gbé. Méjì nínú wọn nìyí: ọ̀kan kò ní èékánná lọ́wọ́, ó sì máa ń fi ìka tọ́ abẹ́ òkúta wò láti mú akàn; èkejì kéré jù ú lọ, ó sì ní àmì tótòtó lọ́rùn. Oògùn kòkó tí àwọn kan ń dà sínú odò láti fi pẹja kò yọ àwọn náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ẹni tó ń pọn omi náà mu sílẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ènìyàn ń ṣe kòńgẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ wọn la sábà máa ń kọ́kọ́ rí lórí òkúta etí odò, tí èérún ìkarahun akàn kún inú rẹ̀, tó sì ń rùn bí ẹja. Bí ẹ bá rí i lódò yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ odò náà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja àti ẹranko ní yunifásítì tó sún mọ́ yín. Ẹ má dẹ ajá sí i.