Ìwádìí Ọkàn Framingham

Framingham Heart Study ni ìwádìí àìsàn ọkàn tó ń lọ nílùú Framingham, ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà. 1948 ló bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀ dòní. Wọ́n mú èèyàn 5,209, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni ọdún 30 sí 62 tí àìsàn ọkàn ò tíì hàn lára wọn, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń pè wọ́n padà, wọ́n á wọn BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀), wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ sìgá, wọ́n á wá máa ṣọ́ ẹni tí àìsàn máa mú. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wọlé ní 1971, ó kan ọmọ ọmọ ní 2002.

Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ibí ni iṣẹ́ wọn ti wúlò jù. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé bí èèyàn ṣe ń dàgbà ló yẹ kí BP rẹ̀ máa ga. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, dókítà rẹ̀ ń sọ pé ara ẹ̀ dá, àmọ́ lọ́jọ́ tó kú ní April 1945, BP rẹ̀ wọ 300/190, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ lọ́pọlọ rẹ̀, ẹni ọdún 63 péré. Framingham ló wá jẹ́ kó yé ayé pé BP gíga, sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló ń sún èèyàn sí àìsàn ọkàn, àti pé nọ́ńbà òkè (èyí tó ṣáájú, bíi 300 yẹn) tí wọ́n ń fojú kéré léwu bíi ti ìsàlẹ̀, kódà ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbàlagbà.

L'Ógbómọ̀ṣọ́, yálà ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, ohun tí wọ́n rí yìí ni nọ́ọ̀sì ń lò lójoojúmọ́ láì dárúkọ ẹ̀. Ìyá ọlọ́jà á ká apá bùbá sókè, wọ́n á we aṣọ BP mọ́ ọn lápá, wọ́n á tẹ bọ́ọ̀lù ẹ̀ títí á fi fún pinpin, wọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè ka 180, kí ìyá ní "nǹkan kan ò ṣe mí o, orí ò fọ́ mi". Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo, àfi ká máa wọ̀n ọ́n.

Ibi tó kù sí

Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo 5,209 yẹn, 1994 ni wọ́n tó kó aláwọ̀ dúdú àtàwọn ẹ̀yà mìíràn kún un dáadáa. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn, iṣan ọkàn tó dí ló wọ́pọ̀, lọ́dọ̀ tiwa ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń sọ ọkàn di aláìlágbára jù, torí náà ìṣirò tí Framingham gbé jáde láti mọ ẹni tí àìsàn ọkàn lè mú lè má bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ mu régí. Àwọn Framingham ń ṣiṣẹ́ lórí DNA (ohun àjogúnbá inú ara) náà báyìí.