Awuyewuye lórí owó bodè ìrẹsì ní Nàìjíríà

Ó ti pẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń ra oúnjẹ ti ń jiyàn lórí iye tó yẹ kí ìjọba máa gbà lórí ìrẹsì òkè òkun.

Iye owó náà

Wọ́n fòfin de ìrẹsì òkè òkun ní àwọn ọdún 1980. Ní 1995 ni wọ́n tún ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sì fi owó bodè rọ́pò òfin náà. Ní oṣù kìíní 2013, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, owó bodè 10% pẹ̀lú àfikún 100% bẹ̀rẹ̀ lórí ìrẹsì tí wọ́n ti bó. Ní 2014 wọ́n sọ ọ́ di 30% fún àwọn tó ń dáko tàbí tó ní ẹ̀rọ ìbóresì nílé, àti 70% fún àwọn tó kàn ń kó o wọlé tà.

Kútọnu àti fàyàwọ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kì í gba iye tó bẹ́ẹ̀ lórí ìrẹsì, torí owó tó ń wọlé ní èbúté Kútọnu wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Bẹ̀nẹ̀, tí èrò rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ra ìrẹsì Thailand jù lọ ní àwọn ọdún 2010. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o ló pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí ará Nàìjíríà fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì funfun ló wọ́pọ̀ nínú ìkòkò ará Bẹ̀nẹ̀. Sẹ̀mẹ̀, Ìdíìrókò àti ọ̀nà ìgbẹ́ ilẹ̀ Yewa ni ó ń gbà wọlé, púpọ̀ lórí ọ̀kadà. Bí owó bodè Apapa bá ṣe ga ju ti Kútọnu lọ ni èrè onífàyàwọ́ ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà iye tí Nàìjíríà kọ sínú ìwé nìkan kò tó fi díwọ̀n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Láti 2016, Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ rárá.

Títi bodè pa

Ìjọba ti bodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní oṣù kejìlá 2020. Láàárín rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2019, Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Èyí mú àwọn ará Ìdíìrókò àti Ìmẹ̀kọ tí kò ta ìrẹsì rí pàápàá. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ onírẹsì RIFAN kan sáárá sí títì náà, wọ́n ní ó jẹ́ kí ọjà àwọn tà. Ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ, nínú ìṣirò NBS, àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè jọ, kúrò ní 13.17% ní oṣù kẹjọ 2019 dé 18.30% ní oṣù kọkànlá 2020. Àmọ́ àrùn kòrónà àti náírà tó ń já wálẹ̀ bọ́ sáàárín àkókò náà, kò sì dájú pé bodè nìkan ló fà á.

Ìyọ̀ǹda 2024

Ní oṣù keje 2024, ìjọba Bola Tinubu yọ owó bodè kúrò fún ìgbà díẹ̀ lórí àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Adesina, tó ti di ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà nígbà náà, ta ko ìpinnu náà, ó ní ó lè ba ètò ọ̀gbìn jẹ́. Ìrẹsì tí ìyọ̀ǹda náà kàn kì í ṣe èyí tó ti dá ṣáká: èyí tó ṣì pupa ni, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ ìbóresì ní Nàìjíríà kó tó dé ọjà.