Bí 234 Ṣe Di Nọ́ńbà Ilé Wa

Ní ọdún 2006, àìsàn dá ìyá wa wólẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà pè, pè, pè láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kò wọlé. Òun ń sunkún lọ́hùn-ún pé bóyá ohun tí òun ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Àwa tí a yí bẹ́ẹ̀dì ká níbí ń bínú pé àkọ́bí kò tiẹ̀ béèrè ara ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìjerò kan tí wọ́n jọ ń gbé ìlú náà ló ní kó ka ohun tó ń tẹ̀ sétí òun. Ó bẹ̀rẹ̀: 011, 234, 0803... Ìyẹn dá a dúró. Ó ní, "Ẹ yọ òdo yẹn kúrò, ẹ̀gbọ́n." Ó yọ ọ́, fóònù sì dún lórí tábìlì wa.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ mọ ibi tí 234, kóòdù tí a fi ń pe Nàìjíríà láti òkè òkun, ti wá, àti iṣẹ́ tí òdo yẹn ń ṣe.

Nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ènìyàn ló ń so ènìyàn pọ̀. O gbé fóònù, o dárúkọ ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, obìnrin tó jókòó síwájú pátákó wáyà á sì fà ọ́ mọ́ ẹni náà. Ọkùnrin kan ní Kansas City, Almon Strowger, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sísin òkú, ló fòpin sí èyí. Wọ́n ní ó gbà pé obìnrin tó ń so wáyà ń darí àwọn oníbàárà òun sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Inú bí i, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń so wáyà fúnra rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1891. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti di dandan, torí ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wa á rántí fóònù dúdú tó wúwo, tí a ń ti ìka bọ ihò rẹ̀, tí a ó yí i títí yóò fi kanlẹ̀, tí a ó wá fi sílẹ̀ kó padà. Bó ṣe ń padà, ó ń ka iye rẹ̀ sínú wáyà: ìró kan fún 1, méjì fún 2. Òdo nìkan ni kì í ṣe òfìfo, ìró mẹ́wàá gbáko ni. Ẹ fi etí inú gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní 9 àti 0 púpọ̀ nínú nọ́ńbà rẹ̀ máa ń dá ẹni tó ń pè é dúró pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pín Amẹ́ríkà àti Kánádà sí agbègbè 86 ní 1947, ìlú tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n fún ní èyí tó yá yí: New York gba 212, Los Angeles gba 213, Chicago gba 312. Ìró márùn-ún péré, New York ti délé.

Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ pe òkè òkun ṣì gbọ́dọ̀ bẹ òṣìṣẹ́ fóònù kó bá òun so ó. Ọdún 1963 ni àwọn ará London tó lè yí nọ́ńbà Paris fúnra wọn. Bí orílẹ̀-èdè púpọ̀ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí kò ní dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Àjọ àgbáyé tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Paris ní 1865 nítorí tẹ́lígíráàfù, èyí tí a ń pè ní ITU lónìí, ló gba iṣẹ́ náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Apá ibi tí orílẹ̀-èdè wà láyé ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ní 1964 wọ́n pín gbogbo ayé. Áfíríkà gba 2. Yúróòpù gba 3 àti 4, torí fóònù pọ̀ lọ́wọ́ wọn. 5 lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, 6 sí Ọsirélíà àti agbègbè rẹ̀, Soviet Union dá 7 gbà, 8 lọ sí apá Japan, 9 sí apá Íńdíà títí dé Sọ́dì.

Wọ́n tún ní kí nọ́ńbà lódindi má gùn jù, torí ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè gbé e. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n retí pé fóònù yóò pọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n fún ní kóòdù kúkúrú, kí àyè lè ṣẹ́ kù fún nọ́ńbà inú ilé. Íjíbítì gba 20, Gúúsù Áfíríkà gba 27. Àwa gba oní-mẹ́ta, láàárín Gánà tó ní 233 àti Chad tó ní 235. Èyí dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, torí Nàìjíríà ló ní nọ́ńbà fóònù alágbèéká tó pọ̀ jù ní Áfíríkà lónìí, kò sì sí ẹni tó rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ Odùduwà ni wọ́n, èdè wa ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n 229 ti orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ń tẹ̀. Ààlà tí òyìnbó fà ni kóòdù tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òdo. Òdo tó wà níwájú nọ́ńbà wa kì í ṣe ara nọ́ńbà rárá. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìpè yìí ń kúrò nínú ìlú. Láyé NITEL, ilé iṣẹ́ fóònù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, Adó-Èkìtì ni 030, Ìlọrin 031, Àkúrẹ́ 034, Òṣogbo 035. Ará Adó tó ń pe ará Adó kò nílò 030. Ará Àkúrẹ́ tó ń pè wọ́n ló nílò rẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, òdo bá a wọlé: 0802, 0803, 0804, kí 0805 tó tẹ̀ lé e ní 2003. Abẹ́ agbòòrùn ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pè é, tí oníṣòwò ń fi aago ọwọ́ ka ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń pè láti òkè òkun ti gba ẹnu 234 wọlé, kò nílò òdo mọ́.

Àṣà yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo, ohun tó sì ń tú ènìyàn ká nìyẹn. Amẹ́ríkà ń fi 1 ṣe iṣẹ́ tí òdo ń ṣe fún wa, Rọ́ṣíà ń fi 8 ṣe é, Ítálì sì ní kí ẹni tó wà lókè òkun pàápàá má yọ òdo wọn. Nọ́ńbà tí a fi ń jáde nílé náà yàtọ̀: 009 ni tiwa, 011 ni ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì ń lo 010 títí di 1995 kí wọ́n tó gba 00. Àmì pílọ́ọ̀sì ló gbà wá. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù alágbèéká, nẹ́tíwọ̀kì ibi tí o wà ló máa fi nọ́ńbà ìjáde tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ara ìyá wa yá, mo jókòó tì í, mo kọ nọ́ńbà gbogbo ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé orin rẹ̀, pílọ́ọ̀sì níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé kí ló dé tí ti Kánádà fi jẹ́ 1 péré. Mo ní àwọn àti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ní in, torí wọ́n ti jọ pín ilẹ̀ wọn láti 1947. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní kí n tún un kọ, kó hàn gàdàgbà.